Mánájà fi bírò pupa yí gbogbo nóòtì mi ká nítorí -ed, ẹ bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Òtútù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gùn díẹ̀. Oṣù mẹ́jọ nìyí tí mo dé Manchester, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà torí ìyá àgbà tó tọ́ mi ni mo máa ń rántí tí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ nóòtì ló ń dà mí láàmú. Tí ṣífíìtì bá ti ń parí, a gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí a ṣe fún arúgbó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mánájà pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti tẹ nóòtì mi jáde, ó fi bírò pupa yí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀ ká. Ohun tí mo kọ nìyí:

"I wash her and change her pad. I offer her tea but she was refused. She did not ate her breakfast. I apply cream on her leg. Empty catheter bag."

Ó ní òun ò mọ̀ bóyá mo ti ṣe é ni àbí mo fẹ́ ṣe é. Ó dùn mí gan-an torí mo ní C5 nínú English ní WAEC, kì í ṣe pé mi ò lọ síléèwé. Mo mọ̀ pé -ed là ń fi sí i tó bá ti kọjá, àmọ́ tí mo bá ti ń kánjú báyìí kí n lè bá bọ́ọ̀sì, ó ti fò mí ru nìyẹn, tí mo bá sì ní kí n rántí, ibi tí kò yẹ ni mo máa fi sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá Ìbejì Peckham

Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Èmi o, "did" ni mo fi sí gbogbo ẹ̀. "I did wash her, I did change her pad, I did offer tea." Mi ò ń ronú pé ṣé d ni àbí ed, ẹnì kankan ò sì pè mí lọ́fíìsì rí. Ìwọ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Bàbá Tíṣà Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o, àmọ́ mi ò lè bá yín gba ìyẹn. "I did wash her" kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń jiyàn ló ṣe ń dún létí òyìnbó, bí ìgbà tí àwa bá sọ pé "mo kúkú fọ̀ ọ́". Tí odidi ojú ìwé bá kún fún un, ẹni tó ń kà á á máa rò pé wọ́n fẹ̀sùn kàn yín, ẹ sì ń wí àwíjàre.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìntì, àṣìṣe tó o ṣe yẹn kì í ṣe àìmọ̀wé rárá. Yorùbá ló wà nídìí ẹ̀. Wò ó: "mo fọ aṣọ", "mò ń fọ aṣọ", "màá fọ aṣọ", "mo ti fọ aṣọ", fọ ò yí padà níbì kankan. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú ẹ̀ ló ń sọ ìgbà. Tí kò bá wá sí ọ̀rọ̀ kankan níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe bíi fọ, rà, jẹ, pè, àwa ti gbọ́ ọ sí pé ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti parí. Nígbà tó o kọ "I wash her", lọ́kàn tìẹ, o ti sọ tán. Òyìnbó ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, "I wash her" ni "mo máa ń fọ̀ ọ́", ìyẹn iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Èyí tó wá le jù ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi fẹ́, mọ̀, ní, nílò. Àwọn yìí, tí kò bá sí nǹkan níwájú wọn, ti ìsinsìnyí là ń gbọ́. "Ó fẹ́ tíì", ó ń fẹ́ ẹ báyìí ni. Tó bá wá di ti àná, a kàn máa sọ pé "lánàá, ó fẹ́ tíì", a ò ní yí nǹkan kan padà. Bí "yesterday she want tea" ṣe ń jáde lẹ́nu wa nìyẹn. Nínú kíláàsì mi, wọ́n máa ń tètè rántí "washed", àmọ́ "wanted", "needed", "liked", "seemed", àfi kí n máa pariwo ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ti "did not ate" ńkọ́? Ẹrù kan ni àkókò tó ti kọjá, orí kan ṣoṣo ló sì ń rù ú. "Did" ti gbé e rù, "eat" á máa rìn lọ́wọ́ òfo. She did not eat. Did she drink? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́yìn "to": "she refused to eat", ed ti wà lórí refuse, má tún wá kọ "refused to ate".

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bàbá Tíṣà ẹ ṣeun gan-an, ẹ ti tú u palẹ̀. Leeds ni mo wà, nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mò ń ka nóòtì àwọn ọmọ wa ní gbogbo òwúrọ̀ tí mo bá gba iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mánájà yẹn fi lo bírò pupa, torí kì í ṣe gírámà nìkan ló ń wá.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọmọ wa kan tó ṣe alẹ́ kọ "Empty catheter bag 06:30" bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe kọ ọ́ yìí gan-an. Ó ti da ìtọ̀ inú àpò yẹn nù o, ó fẹ́ sọ pé òun ti ṣe é ni. Ẹni tó gba ọ̀sán kà á, ó rò pé àṣẹ ni, pé kí òun lọ dà á nù. Ó dé ibẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ báyìí ló bá nínú àpò, ló bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ìtọ̀ òru nìyẹn. Ló bá di pé bàbá yẹn ò tọ̀ dáadáa, wọ́n ń pe dókítà, wọ́n ń pe ọmọ bàbá lórí fóònù, ọkàn gbogbo èèyàn ò balẹ̀ títí di ọ̀sán. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló fa gbogbo ẹ̀, i, e àti d! "Emptied" ni ì bá kọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá dá dúró láìní olùwà níwájú, àṣẹ ni. "Wash her." "Turn her." "Apply cream." Bí a ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ pé "gbé e wá" náà ni. Àmọ́ "Washed", "Turned", "Applied cream", tí ẹ ò bá tiẹ̀ kọ "I" síwájú ẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ ti ṣe é.

Àbẹ̀kẹ́, "she was refused" tó o kọ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. "She refused" ni pé ìyá kọ̀. "She was refused" ni pé ẹ̀yin lẹ kọ̀ láti fún ìyá! Wàhálà gidi lè tìdí ẹ̀ yọ, torí tí wọ́n bá fi oúnjẹ tàbí omi du arúgbó, ọ̀rọ̀ safeguarding nìyẹn, ìyẹn ìdáàbòbò àwọn tí kò lágbára, àwọn CQC tó ń bẹ ilé ìtọ́jú wò ní England sì máa ń ka àwọn nóòtì yìí. Ìyàtọ̀ wọn: "was" níwájú ed ń sọ pé ẹlòmíràn ló ṣe é fún un. She was washed, she was assisted, she was turned, àwọn yẹn dáa. Àmọ́ ohun tí ìyá fúnra ẹ̀ bá ṣe, yọ "was" kúrò. She refused. She smiled. She coughed. She vomited. She asked for her daughter.

Ọ̀kan tún kù. Care plan, ìyẹn ìwé ètò ìtọ́jú, àti nóòtì ò jọra. Inú care plan, ti ìsinsìnyí ni wọ́n máa ń kọ, "she needs two carers", torí bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Inú nóòtì, "she needed two carers", ti òní yìí ni. Tó o bá kọ "needs" sínú nóòtì, ẹni tó bá kà á á rò pé ara ìyá ti yí padà pátápátá, pé èèyàn méjì ni á máa gbé e láti òní lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Ṣé mo lè bi yín nǹkan torí mo fẹ́ ṣe WAEC, wọ́n sì máa ń béèrè ẹ̀ ní orals. Tíṣà wa ní gbogbo ed la máa pè ní "ẹ́dì", wọ́ọ̀kẹ́dì, wáṣẹ́dì. Àǹtí mi ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Tíṣà Abẹ́òkúta

Àǹtí rẹ ló tọ̀nà, ọmọ mi. Ọ̀nà mẹ́ta là ń gbà pè é. Gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun rẹ kí o wá pe lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà kó o tó fi ed sí i. Tí ọ̀fun ò bá gbọ̀n, bíi ti p, k, f, s, sh, ch, "t" lásán lo máa pè: helped, walked, coughed, washed, touched. Má wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ o, "cough" ò ní f nínú ìwé àmọ́ f ló wà lẹ́nu. Tí ọ̀fun bá gbọ̀n, "d" lásán ni: cleaned, turned, called, played. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ bá parí sí ìró t tàbí d nìkan lo máa fi ìró kún un: wanted, needed, assisted, vomited. Tí wọ́n bá wá fa ìlà sábẹ́ ed "washed" nínú ìdánwò, "cooked" lo máa mú, má mú "cleaned", má sì sún mọ́ "wanted".

Ìdí tó fi ṣòro fún wa ni pé sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì lé ara wọn. Bread di búrẹ́dì, film di fíìmù, ball di bọ́ọ̀lù. Ṣé o rí i, a ti fi fáwẹ́lì sí gbogbo ẹ̀ kí ẹnu wa lè gbà á. Ká tó dé orí "asked", tí kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta tò jọ lẹ́yìn, ahọ́n ti ń wá ibi tó máa fi "ẹ́dì" sí.

Àmọ́ má bínú sí tíṣà yín. Àwọn òyìnbó fúnra wọn pè é bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Nínú orin ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣì máa ń rí "blessèd" tí wọ́n fi àmì sí orí e kejì, kí ẹ lè kọ ọ́ ní sílébù méjì. Ó sì kù nínú àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe bíi wicked, naked àti "a learned man".

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ohun tí Bàbá sọ yìí gan-an ló tún jẹ́ ká máa gbàgbé ẹ̀ nínú ìwé. Ìró t yẹn kéré, kì í gbọ́ sí wa létí. Tí òyìnbó bá ń sọ "I helped them" tàbí "I asked Tom", ó ti gbé e mì. Ohun tí etí ò bá gbọ́, ọwọ́ ò ní kọ ọ́. Àbẹ̀kẹ́, máa ka nóòtì rẹ sókè díẹ̀ kí o tó fi sílẹ̀, kí o fi ahọ́n kan t yẹn tàbí d yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan ni.

Ọmọ Kétu

Ẹ kú o. Èmi wá láti Kétu ní Benin, Faransé ni mo kà níléèwé, mo ti ń gbé London fún ọdún mẹ́rin. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n máa lo "have" torí ó jọ ti Faransé, j'ai lavé, ó sì jọ "ti" wa náà. "I have washed her this morning. I have changed her yesterday night." Mo rò pé ìyẹn rọrùn jù, ọ̀nà kan ṣoṣo, ó tán.

Bàbá Tíṣà Abẹ́òkúta

Ọmọ Kétu, o káàbọ̀, inú mi dùn láti rí ẹ̀yin ará ọ̀hún níbí. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Yorùbá gbà kí o sọ pé "mo ti fọ̀ ọ́ lánàá", Faransé náà gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà. Tí o bá ti dárúkọ ìgbà tó ti kọjá, yesterday, last night, at 8am, "have" ti gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀: I changed her last night. "I have washed her" tọ̀nà tó bá jẹ́ pé ẹnì kan bi ọ́ nísinsìnyí pé ṣé ẹ ti fọ ìyá. Nóòtì tó ní aago lára, ed lásán ló ń fẹ́.

Ọmọ Kétu

Ha. Ọdún mẹ́rin! Ẹ ṣé gan-an bàbá.

Délé Houston

Ẹ jẹ́ ká sọ ti spelling torí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn. Tó bá parí sí e, d nìkan: change, changed. Tó bá parí sí y tí kọ́ńsónáǹtì wà níwájú ẹ̀, y á di i: apply, applied, try, tried, dry, dried, empty, emptied. Tí fáwẹ́lì bá wà níwájú y, fi í sílẹ̀: stayed, prayed. Tó bá wá jẹ́ fáwẹ́lì kan pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì kan ló parí ẹ̀, sọ kọ́ńsónáǹtì yẹn di méjì: stop, stopped, mop, mopped, offer, offerred, open, openned. Travel, "traveled" la ń kọ níbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi l méjì dà yín láàmú.

Bàbá Tíṣà Abẹ́òkúta

Délé, o ṣe é dáadáa títí o fi dé "offerred". Rárá o! Offered, opened, r kan, n kan. Ibi tí ohùn òyìnbó ti ga lẹ máa gbọ́. "Offer", ohùn ga níbẹ̀rẹ̀ ó wá wálẹ̀, bí ẹni sọ mí-dò. "Prefer", ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ ó wá gòkè, dò-mí. Tí ohùn bá ga sí ìparí lẹ máa sọ ọ́ di méjì: preferred, referred, transferred. Tí kò bá ga sí ìparí, ẹ fi í sílẹ̀: offered, opened, visited, vomited. Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá ni ìyẹn yẹ kó rọ̀ lọ́rùn jù, torí etí wa ti mọ òkè àti ìsàlẹ̀ láti kékeré.

Travel ni ìlànà ìyẹn ò mú ní Britain. Manchester ni Àbẹ̀kẹ́ wà, kò sí ní Texas. L méjì ni tiwọn: travelled, cancelled, labelled, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń kọ́ ọmọ ní Nàìjíríà.

Délé Houston

Mo gbà sà. Ti offered yẹn, bí mo ṣe ń kọ ọ́ látọjọ́ yìí nìyẹn.

Ọmọ Tẹ́ẹ̀kì

Kí lẹ ń fi ara yín ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kó nóòtì yẹn sínú ChatGPT tàbí Grammarly, kó tún un ṣe, kí ẹ kó o padà. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Àṣírí ara arúgbó ló wà nínú nóòtì yẹn, orúkọ ẹ̀, àìsàn ẹ̀, ìgbà tó tọ̀, ìgbà tó yàgbẹ́. Kò sí ẹni tó fún yín láṣẹ láti kó o lọ sórí fóònù ara yín, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ yín torí ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ ara yín nílé, ẹ ṣe ti ìtàn àròsọ, "I cook rice yesterday", kó tún un ṣe fún yín. Spell check ti fóònù náà ò sì ní mú un, torí "wash" àti "offer" ò ní àṣìṣe spelling kankan.

Ìyá Ìbejì Peckham

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo gbà fún Bàbá lórí "did". Mo wo nóòtì mi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lóòótọ́ ó dà bíi pé mò ń bá èèyàn jà. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀kan tún wà. Mo máa ń kọ "I use to check her every two hours". Ọmọ mi obìnrin ní kò dáa, kò sì lè ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Bàbá Tíṣà Abẹ́òkúta

"Máa ń" lẹ fẹ́ kọ, Ìyá Ìbejì. Gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "I use to wake up by 5", ìyẹn mo máa ń jí ní aago márùn-ún. Ní Britain, "used to" ní d lẹ́yìn, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pé ẹ máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ ti ṣíwọ́ báyìí! Ẹni tó bá ka "I used to check her every two hours" á bi yín pé ìgbà wo lẹ ṣíwọ́. Tó bá jẹ́ ti òru àná: I checked her every two hours. Tó bá jẹ́ bó ṣe máa ń rí: I check her every two hours. Ẹ mú "use to" kúrò pátápátá.

Ìyá Ìbejì Peckham

Yé è. Ọdún mọ́kànlá. Màá ṣàtúnṣe láti alẹ́ òní.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Òtútù

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí mo ń gbé sápò. Mo ṣe ṣífíìtì lónìí, mo ka nóòtì mi sókè nínú yàrá oúnjẹ kí n tó fi sílẹ̀. Mo tún un kọ síbí láìsí orúkọ, ẹ bá mi wò ó:

"Washed her and changed her pad at 7:40. Offered tea, she refused. She wanted water, so I gave her a cup and she drank half. She did not eat breakfast but asked for banana later. Applied cream to left leg. Emptied catheter bag, amount recorded on chart. She needed two carers to transfer. Putted her feet up on the stool. She seemed happy and talked about her husband."

Mánájà kà á, ó ní "much better", àmọ́ ó rẹ́rìn-ín níbì kan, kò sì sọ ibi tó jẹ́.

Bàbá Tíṣà Abẹ́òkúta

"Put", ọmọ mi. Put àná, put òní, kò gba ed, bíi cut, bíi hurt. Kọ "a banana" náà. Gbogbo ìyókù tọ̀nà, títí kan gave àti drank tí ẹnì kankan ò kọ́ ọ níbí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

"Talked about her husband", inú mi dùn pé o kọ ìyẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá máa fẹ́ kà á.